Àdúrà Ọ̀fẹ́ Tó Ń Jẹ Káàdì Ìyá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ojú ń tì mí láti kọ eléyìí, àmọ́ tí mi ò bá sọ ọ́ síta, ọkàn mi ò ní balẹ̀. Ẹ bá mi kà á dópin kí ẹ tó bú mi. Ẹ lè bú mi o, ó tọ́ sí mi.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé Agbowó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo ń tẹ̀wé, mo ń ṣe fọ́tókọ́pì, mo ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún fọ́ọ̀mù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tí fóònù wọn bá ń ṣe ségesège, èmi náà ni wọ́n ń gbé e wá bá. Àìmọye ìgbà ni mo ti yọ ọmọ ọlọ́mọ kúrò nínú àwọn nǹkan tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni fún ọ̀sẹ̀ kan, tó wá di pé ó ń yọ owó wọn lọ. Mo tún máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwúùfù ló ń run wọ́n nínú yẹn!

Òkè-Àdó ni màmá mi ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọmọ ìjọ Aládùúrà sì ni wọ́n tọkàntọkàn. Fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò. Àdéhùn wa ni pé tí wọ́n bá ti jí láàárọ̀, wọ́n á pè mí kí n lè mọ̀ pé àlàáfíà ni wọ́n wà. Èmi náà á máa fi káàdì ránṣẹ́ sórí fóònù wọn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

Ó dé ìgbà kan, káàdì ò pẹ́ lórí fóònù yẹn mọ́. Màá fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, tó bá fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á ti yá fóònù Alhaja láti sọ fún mi pé ó ti tán. Alhaja ni aládùúgbò wọn, yàrá tó kọjú sí tiwọn ni wọ́n ń gbé.

Ó tán? Ta ni wọ́n ń pè? Mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní àwọn ò pe ẹnì kankan lẹ́yìn mi. Mi ò gbà. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé àwọn ará ìjọ ni wọ́n ń yá fóònù náà, ẹ ṣáà mọ bí àwọn màmá wa ṣe máa ń lawọ́.

Kí ni ò jẹ́ kí n gba fóònù lọ́wọ́ wọn kí n yẹ̀ ẹ́ wò? Èmi tí mò ń yẹ ti gbogbo ayé wò! Mo dé ọ̀dọ̀ wọn tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ìgbà yẹn o. Ìbínú ni, kò jẹ́ kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ kan tí wọ́n tún fi fóònù Alhaja pè mí, mo gbaná jẹ. Mo ní ṣé wọ́n ń fi káàdì jẹ̀bà ni? Mo ní àgbà tó bá ń purọ́ nítorí káàdì lásán, kí ló fẹ́ kí ọmọ ṣe? Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá tó bí mi ni mo pè ní òpùrọ́!

Màmá mi ní, “Adé, mi ò purọ́ fún ẹ rí.”

Mo ní mi ò ní fi káàdì ránṣẹ́ mọ́ títí oṣù á fi parí, kí wọ́n lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ nǹkan lò. Mo sì pa fóònù. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́.

Ọjọ́ Ajé dé, mi ò gbọ́ ohùn wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bákan náà. Mo mọ̀ pé kò sí káàdì lọ́wọ́ wọn, èmi ló yẹ kí n pè. Mi ò pè. Mò ń dúró kí wọ́n kọ́kọ́ wá bẹ̀ mí!

Lọ́jọ́rú, ṣọ́ọ̀bù mi kún fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù kan pa. Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, Alhaja pè mí. Igbe ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní láti ìdájí ni àwọn ti lọ sí Dùgbẹ̀, pé nígbà tí àwọn dé, àwọn ò rí màmá níta níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí, ni àwọn bá ṣí ilẹ̀kùn wọn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Alhaja ti bá màmá mi. Ẹnu wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn ò lè sọ̀rọ̀, fóònù sì wà lọ́wọ́ òsì wọn.

Bí mo ṣe dé Òkè-Àdó lọ́jọ́ náà, mi ò lè sọ. Mo mọ̀ pé mo gun ọ̀kadà, mo mọ̀ pé ọkọ̀ dí pa ní Mọ́kọ́lá, tí mo sọ̀ kalẹ̀ tí mò ń sáré. A gbé wọn dé ọsibítù. Dókítà ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni, wọ́n wá bi wá léèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n ní wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, wọ́n sì mi orí.

Mo jókòó síta, mo ṣí fóònù náà wò. Níbi tí àwọn nọ́ńbà tí wọ́n pè wà, orúkọ mi nìkan ni mo rí. Adé. Adé. Adé. Láti aago méje ku díẹ̀ láàárọ̀, ìgbà mọ́kànlá! Kò wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Alhaja wá sọ ohun tó pa mí jù fún mi. Wọ́n ní ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, màmá mi fi owó ara wọn ra káàdì. Wọ́n ní tí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn fẹ́ pe ọmọ àwọn kí ìjà tán. Káàdì yẹn dà?

Inú mẹ́sééjì ni mo ti rí i. Aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti yọ ọ́. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, tí màmá mi ò lè kà: wọ́n ní ètò àdúrà òwúrọ̀ yín ti tún bẹ̀rẹ̀. Irú mẹ́sééjì bẹ́ẹ̀ kún inú fóònù náà. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ pátápátá, mo rí èyí tó kọ́kọ́ wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀fẹ́ ni, lẹ́yìn ìyẹn á máa yọ owó lójoojúmọ́ títí ẹ ó fi ní kó dúró.

Alhaja ní àwọn mọ̀ nípa ọkùnrin tó máa ń pe màmá láràárọ̀ láti gbàdúrà fún wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí wọ́n tẹ ení lórí fóònù tí wọ́n bá fẹ́ àdúrà. Ta ni yóò ní òun ò fẹ́ àdúrà? Alhaja ní àwọn fura, àwọn sì sọ fún wọn pé ó lè jẹ́ pé nǹkan yẹn ló ń jẹ káàdì. Màmá mi ní rárá, pé ọkùnrin yẹn ló ń pe àwọn, àwọn kọ́ ló ń pè é, àti pé ẹni tó bá pe èèyàn ló ń sanwó. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ wo ni wọ́n wá pa fún mi?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù yẹn dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo gbé e. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni, ó ní kí ìyá dárúkọ ọmọ wọn, kí wọ́n sì ṣe àmín. Màmá mi gbọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo sunkún bí ọmọdé.

Mo pe kọ́sítọ́mà kíà, àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà níléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà. Ọmọbìnrin tó gbé e ní, “Sir, wọ́n tẹ ení fúnra wọn, a sì sọ fún wọn pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni ọ̀fẹ́.” Mo ní èdè wo lẹ fi sọ fún wọn? Ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Mo pariwo débi pé nọ́ọ̀sì lé mi síta. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo tẹ̀ ránṣẹ́, STOP, ó sì dúró. Kò tó ìṣẹ́jú kan!

Ọ̀dọ̀ mi ni màmá wà báyìí. Wọn ò tíì lè sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ò sì gbé nǹkan. Mo ti dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n, mi ò mọye ìgbà. Wọ́n á kàn máa wò mí. Alhaja ní màmá ti dárí jì mí tipẹ́, ṣùgbọ́n Alhaja kọ́ ni mo pè ní òpùrọ́.

Nǹkan ọ̀fẹ́ tó bá ti ní ọjọ́ tí ọ̀fẹ́ rẹ̀ máa tán, tí kò sì ní bi yín kó tó máa yọ owó, ẹ sá fún un. Ẹ gba fóònù àwọn òbí yín lónìí, kí ẹ ka mẹ́sééjì ibẹ̀ tán pátá. Tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí ẹlòmíì lè rí i kà.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ ti fẹ̀sùn irọ́ kan ìyá yín bíi tèmi, ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n ná, nígbà tí wọ́n ṣì lè la ẹnu sọ pé àwọn ti dárí jì yín.