Igbe Ọkọ̀ Akínladé

Sàláúdéènì mẹkáníìkì kì í fẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ nídìí ọkọ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ l'Ọ́jà-Ọ̀dàn, ẹrúkọ́ bàbá rẹ̀ ló sì fi ń gbọ́ àìsàn ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Yóò fi orí ẹrúkọ́ kan ẹ́ńjìnnì, yóò fi ìdí rẹ̀ ti etí, yóò dijú. Bí o bá sín nígbà náà, ìjà dé. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ oko. Èsì kan náà ló máa ń fún mi: "Ọkọ̀ kì í parọ́. Awakọ̀ ló ń parọ́." Mo ní ẹnu òrofó ní í pa òrofó, kò gbọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ọdún 2019 ni, ọdún tí wọ́n ti bọ́dà pa. Ilé epo ò ní epo, ọ̀nà Ijoun tó lọ sí bọ́dà dá páropáro. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ igbe kí n tó rí ọkọ̀. Ó ń ti kọ́nà ìdí kajú bọ̀: igbe tín-ín-rín tó ń ga bí ọkọ̀ ti ń yí, tó ń rọlẹ̀ bó ti ń tọ́. Àwọn ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ kajú dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò sá, wọ́n kàn dúró.

Orí mi wú, nítorí mo mọ ọkọ̀ náà. Ti Akínladé oníbàárà wa ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ló wà á lọ fàyàwọ́, tí kò padà. Àwọn ọdẹ ló rí ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kejì nínú igbó lẹ́yìn Ijoun: ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kò sí ẹrù, kò sí ènìyàn, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, sítíárì yí dé òpin, ọkọ̀ nìkan ń dá ké.

Àṣìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló wà á wá, pẹ̀lú oyún oṣù méje. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ti dá ẹjọ́ ní tiwọn. Wọ́n ní Akínladé ní obìnrin ní òdìkejì bọ́dà, ó ti bá tiẹ̀ lọ, ìwà Àṣìkẹ́ ló sì lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì tún un ṣe," ló wí fún Sàláúdéènì. "Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń wí. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ọkọ̀ kì í parọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ mi sá fún mi ni."

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jókòó sídìí sítíárì. Mo sítáàtì ọkọ̀, mo ń yí i sọ́tùn-ún, sósì. Ó gbé ẹrúkọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bẹ́líìtì ń gbà yí, ó mi orí. Ó gbé e lé jẹnẹrétọ̀, ó mi orí. Ó gbé e lé pọ́ọ̀ǹpù sítíárì, ó sì yára fa etí kúrò.

"Ebi ló ń pa á," ló wí. "Ọ́ìlì ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé mì."

Ó ní kí n pa á. Ike tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sítíárì sí kò ní ìdérí. Àkísà aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi dé e, wọ́n so ó ní kókó méjì. Àṣìkẹ́ na ọwọ́ sí i, kò lè fọwọ́ kàn án.

"Ìró mi ni," ló wí. "Etí ẹ̀ ni mo ya, tí mo fi di èkuru fún un nírọ̀lẹ́ tó ń lọ."

Sàláúdéènì tú u. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ti ru bí omi ọṣẹ. Ó dà á nù, ó yọ asẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sójú oòrùn. Ìrẹsì ló dí i. Hóró rẹ̀ ti wú, ó funfun bí eyín ọmọdé.

Èmi ò rí nǹkan bàbàrà níbẹ̀. Àwọn onífàyàwọ́ ọdún náà kì í jẹ́ kí ìrẹsì wà nínú àpò mọ́. Inú ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni wọ́n ń dà á sí, sábẹ́ ìjókòó, títí dé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n Sàláúdéènì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyàwó wa, gbọ́. Èmi ni mo fọ asẹ́ yìí láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ. Kò sí hóró kan nínú ẹ̀. Ìdérí ti là, òmíràn ò sì sí, torí òdìkejì bọ́dà la ti ń rà á. Mo fi ọ̀rá bò ó. Mo ní á gbé e lọ, á gbé e bọ̀." Ó na asẹ́ náà sí i. "Ìrẹsì kì í ti ọ̀dọ̀ wa lọ sọ́hùn-ún. Ọkọ rẹ ti gbẹ́rù tán. Ọ̀rá mi ló ṣí tí ìrẹsì fi bọ́ sínú ẹ̀. Gbogbo kọ́nà lọkọ̀ ń ké, ẹni yòówù tó wà nínú igbó, kọ́sítọ́ọ̀mù tàbí ọlọ́ṣà, á ti gbọ́ ọ. Akínladé sọ̀ kalẹ̀, ó fi aṣọ rẹ dé e. Ẹni tó ń sá lọ ò ní dúró tún ọkọ̀ ṣe. Ilé ló ń bọ̀."

Ó lè pa ọ̀rọ̀ ọ̀rá yẹn mọ́ra, kò sẹ́ni tí yóò bi í. Inú bí mi sí i, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àṣìkẹ́ mú àkísà aláwọ̀ ewé náà.

"Ẹ tún un ṣe," ló wí.

Ó fọ asẹ́ àti ike, ó gé ẹnu rọ́bà tó ti gbó, ó dè é le, ó rọ ọ́ìlì tuntun sí i. Mo ń yí sítíárì lọ, mo ń yí i bọ̀ láìsítáàtì, títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán. Ìdérí ò tíì sí síbẹ̀. Sàláúdéènì mú ayùn, ó gé ìdí ẹrúkọ́ bàbá rẹ̀, ó gbẹ́ ẹ títí ó fi bá ẹnu ike mu. Láti ọjọ́ náà, kò fi igi gbọ́ ọkọ̀ mọ́.

Mo sítáàtì ọkọ̀. Mo yí i dé òpin, kò ké. Ó yẹ kí inú mi dùn, ẹ̀rù ló bà mí. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ láàárín wa.

Àṣìkẹ́ kó ìrẹsì náà sínú àjákù ìró rẹ̀, ó dì í ní kókó méjì. Sàláúdéènì bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ sọ fún ìyá ẹ̀ pé ilé ló ń bọ̀," ló wí.

Ó wọ ọkọ̀ lọ. Ó yí ní kọ́nà ìdí kajú láìsí igbe kankan. Síbẹ̀, àwọn ewúrẹ́ dìde, wọ́n dúró.