Ìwé Ìṣirò Tíṣà Gàfárù

Kúlúsúmù, aránṣọ ní Bẹyẹrúnkà, kò sunkún nígbà tí wọ́n gbé òkú ọkọ rẹ̀ wọlé. Àwọn ará ilé retí ẹkún títí ó fi sú wọn. Tíṣà ni ọkọ náà, Gàfárù. Alùpùpù tó fi ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Sìdí àti Àkíbù, lọ sílé ìwé ló ṣubú pẹ̀lú rẹ̀ ní Sátidé kan tó dá jáde, lọ́dún 1977.

Bí Kúlúsúmù ṣe wọlé opó nìyẹn, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ní bí òun ò ṣe ní jáde, àwọn ọmọ òun náà ò ní jáde. Làmídì, àbúrò ọkọ rẹ̀, ní òun á máa wá ọkọ̀ tó máa gbé wọn. Kúlúsúmù mi orí. Ó ní òun náà ka ìwé mẹ́fà, òun á kọ́ wọn nílé. Ta ló fẹ́ bá opó jiyàn? Bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́ta péré ló kù kí Sìdí ṣe ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdírì. Bí kò bá yege, ọdún kan gbáko ló máa fi jókòó.

Mísì Louisa, tó bá Gàfárù ṣiṣẹ́, gbé ìwé ìṣirò tuntun wá. Ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí Kúlúsúmù kó jáde nínú àpótí ọkọ rẹ̀. Ti inú àpótí ti gbó, yáàdì àti fíìtì ló kún inú rẹ̀, ìjọba sì ti yí gbogbo ìyẹn padà sí mítà.

"Ìyá Sìdí, ẹ jọ̀ọ́," ni Mísì wí, "inú tuntun yìí ni wọ́n ti máa bi í."

Kúlúsúmù dúpẹ́. Ó ṣí ìwé àtijọ́ náà, ó rí yíǹkì pupa Gàfárù létí ojú ewé, níbi tó ti ń bá ẹni tó kọ ìwé jà. Èyí ló mú. Kò kúkú gọ̀. Íǹṣì ló wà lára téèpù tó fi ń wọn ènìyàn, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè mítà aṣọ kan l'Ọ́jà'ba. Lójú tirẹ̀, àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ágodi ló ni mítà.

Láràárọ̀ ló ń kọ́ wọn, bí ẹni ń lọ ata. Kò bínú, inú rẹ̀ ò sì dùn. Bí Sìdí bá kọ mítà sórí síléètì, á fi etí ìró nù ún, á kọ yáàdì, á bọ́ sórí ìṣirò tó kàn.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Kúlúsúmù jẹ́ kí Làmídì mú Sìdí fẹsẹ̀ rìn lọ ṣe é. Nígbà tí èsì jáde, Mísì Louisa ló wá sọ ọ́. Orúkọ Sìdí kò sí níbẹ̀.

Kúlúsúmù bi ọmọ náà pé kí ló kọ. Ó ní yáàdì lòun kọ síbi gbogbo.

"Ṣé o ò mọ mítà ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Màámi. Bàámi ti kọ́ wa kí wọ́n tó kú."

"Kí ló dé tí o ò kọ ọ́?"

Sìdí wolẹ̀. "Ẹ máa ń nù ún."

Kúlúsúmù ní ó dáa. Ó ní kó lọ jẹun. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn dun òun. Ó jókòó, ó ń dúró de ẹ̀dùn ọkàn náà, kò dé.