Ọ̀sán Tí Kọ̀ǹpútà Béèrè Orúkọ Màámi

Òórùn bébà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní gbígbóná láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń gbé mi padà sí Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ọmọ kékeré ni mí nígbà tí àìsàn gbé Màámi lọ sí ọsibítù, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Àǹtí, àbúrò wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé. Àdúgbò dá páro.

Kí n má baà sunkún, Àǹtí ń kọ́ mi ní Excel, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà.

“Àmì ìdọ́gba ni kó o kọ́kọ́ tẹ̀. Ìgbà yẹn ló máa mọ̀ pé o ń bi òun ní nǹkan.”

Fóònù wọn dún, wọ́n sì jáde lọ gbé e. Ó wá ku èmi nìkan. Mo tẹ àmì ìdọ́gba, mo kọ “Maami” tẹ̀ lé e, kó lè sọ ibi tí wọ́n wà fún mi. Ó kọ “#NAME?” síbẹ̀. Mo rò pé orúkọ wọn ló ń béèrè, mo bá tún tẹ àmì ìdọ́gba, mo fi ìka kan wá lẹ́tà orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan náà ló tún gbé wá.

Àǹtí wọlé, ojú wọn pọ́n.

“Àǹtí, ó ní òun ò mọ Màámi.”

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé orí fóònù yẹn ni wọ́n ti túfọ̀ Màámi fún Àǹtí.

Wọ́n jókòó tì mí pẹ́kípẹ́kí.

“Tún orúkọ wọn tẹ̀,” ni wọ́n wí. “Jẹ́ kí n rí i.”