Ẹ Fi Oyè Bo Ọgbẹ́ Dúrójayé Mọ́lẹ̀

A sin Dúrójayé sí Ìtapàjí lọ́jọ́ Ẹtì. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tó dì sí i lórí ló pa á, lẹ́yìn tí Péjú ìyàwó rẹ̀ la ọmọ odó mọ́ ọn. Lórí àga ìwàásù, wọ́n ní àìsàn ráńpẹ́ ni. Ọmọ odó ti di àìsàn nìyẹn. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹni tó bá mọ Dúrójayé yóò rántí ẹ̀rín rẹ̀. Bó bá sun àgbàdo fún wa lóko, èyí tó jóná ló máa ń mú fún ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà gbẹ. Kì í jẹun tán, ahéré oko ló ń sùn sí. Àpá omi gbígbóná sì wà lọ́rùn rẹ̀ tí gbogbo ìjọ ń wò.

Kò kúkú dákẹ́. Ó sọ fún ẹbí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kó tún un sọ kí àwọn tó kù lè gbọ́. Ó wá lọ bá Bàbá Ìjọ Akínyẹmí. Ìyẹn ní, "Dúrójayé, padà sí ulé rẹ. Bí àwọn ọmọdé bá gbọ́, wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

Ṣé ó parí síbẹ̀? Rárá, ọlọ́gbọ́n ni wọ́n jàre. Lọ́jọ́ àjọ̀dún àwọn bàbá, ìjọ fi í joyè Bàbá Onísùúrù. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń rán gbogbo ọkọ ìyàwó tuntun lọ, kó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fara da obìnrin. Ẹni tí wọ́n ń lù ni wọ́n sọ di olùkọ́. Monísọ́lá àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó kó ẹrù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ òun ní Ìdó. Ó dá a lóhùn pé, "Kí ni mo a wá sọ fún àwọn ọkọ tuntun?"

Péjú ti wà ní àhámọ́, ilé ẹjọ́ yóò ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Bàbá Ìjọ, ẹ dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ẹ sọ ohun tí ó bá yín sọ àti èsì tí ẹ fún un. Kí ọ̀gá ọlọ́pàá náà dárúkọ àwọn tó ní kó tún un sọ. Mo sì gbọ́ pé ẹ ti ń wá ẹlòmíràn tí ẹ ó fi joyè náà. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún wa, ká lè lọ gbé e jáde nínú ilé tí wọ́n ti ń lù ú kó tó kú.