Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Oníbúrẹ́dì

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, owó búrẹ́dì ńlá méjì ni dátà ọ̀sẹ̀ kan. Aránṣọ ìjọ wa ló ń rà á látinú àpò ara rẹ̀. Kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Fadá. Èmi tí mo máa ń ka èrò lẹ́nu ọ̀nà, mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló ti rà á.

Ìyá rẹ̀ ló fà á. Ọdún kẹta nìyẹn tí ẹsẹ̀ ìyá ò ti gbé e mọ́, bẹ́ẹ̀ Mísà ni gbogbo ayé rẹ̀. Aránṣọ wá ń gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ṣe láìfù Mísà ìrọ̀lẹ́ Sátidé kí ìyá lè máa wò ó lórí ibùsùn. Àwọn aláìsàn yòókù gbọ́, wọ́n ní kó fi àwọn náà sí i. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ìyá Láìfù nìyẹn. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó sàn ju Ìyá Abẹ́rẹ́ lọ."

Pákó kékeré kan wà lára ògiri, lábẹ́ àwòrán ìkẹyìn Ọ̀nà Àgbélébùú. Orí ẹ̀ ló máa ń gbé fóònù náà lé, torí pẹpẹ hàn dáadáa níbẹ̀. Ẹ fi pákó yẹn sọ́kàn. Téèyàn bá dúró níbẹ̀ tó na ọwọ́, á kan kọ́tìnì ilé ìjẹ́wọ́.

Oníbúrẹ́dì ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun ti ba etí rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ò gbọ́ ohùn ara rẹ̀, kíké ló máa ń ké. Tó bá wọ ilé ìjẹ́wọ́, tó ní, "Fadá, ẹ súre fún mi," ẹni tó ń kọjá lójú títì lè ṣe àmín. Torí náà, láìsí ẹni tó kọ́ wa, a ti mọ ohun tá a máa ṣe. Tó bá ti wọlé báyìí, gbogbo àwa tá a tò síbẹ̀ á dìde, a óò lọ síwájú lọ́dọ̀ ère Màríà, a óò máa kọrin àdúrà, "Ìyá Ọlọ́run, gbàdúrà fún wa," kíkankíkan, títí á fi jáde. Káfíńtà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Màmá, ẹ̀ṣẹ̀ yín ló kọ́ wa lórin o."

Òun náà á ní, "Ẹ kọ ọ́ kó dùn! Tèmi pọ̀."

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, ìyá sọ fún Aránṣọ pé, "Má tètè pa á lónìí, ọmọ mi. Jẹ́ kí n bá yín ṣe àdúrà ìdúpẹ́." Mísà parí, Aránṣọ ò pa á. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ ni wọ́n wá pè é pé aṣọ Mísà Fadá ti ya léjìká, wọ́n sì máa lò ó lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó mú abẹ́rẹ́, ó wọ yàrá ìmúra. Kò tó nǹkan tó rán.

Ìgbà yẹn ni Oníbúrẹ́dì wọlé ìjẹ́wọ́. Àwa méje tá a tò síbẹ̀ dìde, a lọ síwájú, a ń kọrin. Fóònù ò dìde.

Nílé, ìyá gbọ́. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Ó gbé ìrọ̀rí lé fóònù, ó gbé aṣọ ìbora lé ìrọ̀rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké róṣárì lóhùn rara kí etí rẹ̀ má bàa gbọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá ogún ni ìjẹ́wọ́ náà. Ohun tí Oníbúrẹ́dì sọ, ẹ má retí ẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fẹ́ fi hàn mí, mo kọ̀ ọ́.

Nígbà tí Aránṣọ padà dé, ó rí i pé èèyàn mẹ́tàlélógójì ló ti wò ó. Ẹnì kan ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án pé: Ẹ pa á. Ó já fóònù kúrò lórí pákó, ó pa á.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi lọ láti ilé dé ilé, tó ń kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀, èèyàn méjìlélógójì ni. Àwọn méjì ti pa tiwọn kíá. Mọ́kàndínlógójì gbọ́ ọ lásán. Ẹnì kan tó kù, ìyàwó káfíńtà, ló ká ohùn náà sórí fóònù rẹ̀.

"Mi ò ní nǹkan burúkú lọ́kàn o. Àbúrò mi nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí."

"Àbúrò yín ńkọ́?"

"Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ṣoṣo ni."

"Ọ̀rẹ́ náà ńkọ́?"

Ìyàwó káfíńtà ní ọ̀rẹ́ náà ti fi ránṣẹ́ káàkiri.

Lọ́jọ́ Tuesday, ọmọkùnrin Oníbúrẹ́dì pe ìyá rẹ̀ láti ìdálẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sunday ló máa ń pe ìyá ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé ohùn yín nìyí?" Màmá ò lè purọ́. Ọmọ náà pa fóònù, kò sì pè mọ́. Búrẹ́dì tó máa ń tà tó jẹ́ ọgọ́sàn-án lójúmọ́ di àádọ́rin. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún mọ́kàndínlógún, mo ka èrò ọjọ́ Sunday láìka Oníbúrẹ́dì.

Fadá gun pẹpẹ, ó ní ẹni tó bá gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹlòmíràn, àṣírí náà de òun náà, kó sin ín sínú ibojì. Káfíńtà, tí kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, sọ wúyẹ́wúyẹ́ létí mi pé, "Ibojì tó ní dátà ńkọ́?"

Ìyá Aránṣọ ní kí wọ́n gbé fóònù kúrò níwájú òun. "Èmi ni mo ní kó má pa á." Kò béèrè Mísà mọ́, ó kọjú sí ògiri. Aránṣọ rán aṣọ iléèwé kan, apá òsì méjì ló rán sí i. Ó lọ jẹ́wọ́. Fadá ní Ọlọ́run ti dárí jì í, àmọ́ kó wá bó ṣe máa dá ohun tó gbà lọ́wọ́ ẹnìkejì padà.

"Fadá, omi ti dà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kó o?"

Fadá súre fún un, ó ní kó máa lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ sí ilé búrẹ́dì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìkarùn-ún, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí torí ooru ààrò. Àwa márùn-ún tò síta, a fẹ́ ra búrẹ́dì. Ìyàwó káfíńtà wà níbẹ̀.

"Kí lo tún wá ṣe?" Oníbúrẹ́dì bi Aránṣọ.

Aránṣọ fi fóònù rẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó súnmọ́ etí ẹ̀. "Màmá, ó ti ń ká ohùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, Fadá nìkan ló gbọ́ ọ rí. Ìyá mi ò mọ̀ ọ́n, ọkọ mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ gbà á. Ẹni tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí."

Ó bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́. Màmá gbé ọwọ́ sétí. "Gbóhùn sókè. Mi ò gbọ́."

Aránṣọ wo ilẹ̀kùn, ó wo àwa márùn-ún. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tilẹ̀kùn."

"Ṣé tèmi nílẹ̀kùn? Kọ́tìnì lásán ni tèmi ní."

Ni Aránṣọ bá ń ké e. Ó ń sunkún, ó ń ké e. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún àkọ́kọ́. Ìgbà yẹn ni ìyàwó káfíńtà yí ẹ̀yìn padà, ó ní, "Ìyá Ọlọ́run..." Àwa yòókù gbè é, "gbàdúrà fún wa." A kúrò lẹ́nu ọ̀nà, a kọ ọ́ débi pé ajá òdìkejì ọ̀nà ń gbó. Ọpẹ́lọpẹ́ orin yẹn, mi ò mọ èyí tó kù.

Nígbà tó yá, ẹkún nìkan là ń gbọ́. A dákẹ́. Oníbúrẹ́dì ń wo ojú fóònù. "Ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀," ó wí. "Kò tíì pé." Aránṣọ nu imú, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwa náà tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó pé, Màmá tẹ̀ ẹ́, ó dúró. Kò ní òun dárí jì í. Kò fi í bú. Ó ki fóònù náà bọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bi wá pé búrẹ́dì mélòó.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá ogún ni Aránṣọ san padà, ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ó dín ọjọ́ méjì lẹ́yìn Sátidé yẹn, ní agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlá.