Àlájà Méjì Lára Ògiri Kan

"Bàbá, kí ló dé tí orí gbogbo ẹni tí ẹ bá yà fi máa ń tóbi tó báyìí, tí ẹsẹ̀ wọn á sì kúrú?"

Jẹ́jẹ́ ni Waliyat, ọmọ kékeré kan ládùúgbò, béèrè, bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ìyálé. Fàsásì ayàwòrán yíjú padà, ó na búrọ́ọ̀ṣì sí i.

"Ṣé o ò lọ sí ilé kéwú lónìí ni? Kọjá lọ jàre!"

Waliyat kọjá lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò bá a lọ.

Gbogbo àdúgbò Bẹẹrẹ ló mọ iṣẹ́ Fàsásì. Bó o bá rí pátákó onígbàjámọ̀ tí orí ọkùnrin ara rẹ̀ tó àgbá omi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rí bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, Fàsásì ló yà á. Kì í lo rúlà. "Ojú mi ni rúlà mi," ló máa ń wí, bẹ́ẹ̀ dígí kan ṣoṣo ló kù lára awò ojú rẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù Àlájà Mujeebat, tó ń ta abọ́, ló ń jókòó sí. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní ibòmíràn. Nígbà tí Àlájà ti Mẹ́kà dé, ó mú fọ́tò kan wá, níbi tó ti dúró nínú aṣọ funfun, tí eyín góòlù rẹ̀ ń dán.

"Fàsásì, yà mí sára ògiri mi. Kó kún o! Mi ò fẹ́ kí àyè kankan ṣẹ́ kù."

Fàsásì yà á, ó sì kún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àlájà gbéra láti ẹnu ọ̀nà, ó dé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Aṣọ funfun di tapólì. Ó bo ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá.

Awakọ̀ takisí Máíkírà kan dúró wò ó. "Àlájà, Mẹ́kà mà gbà yín o! Ṣé ẹ jẹ ràkúnmí tán ni?"

Ẹ̀rín sọ. Àlájà dì mọ́ ilẹ̀kùn. "Fàsásì! Èmi rèé àbí àgbò iléyá? Bí ògiri yìí ò bá jọ mí títí Jímọ̀, kó agolo ọ̀dà rẹ, kó o máa lọ!"

Fàsásì jókòó lórí agolo, ó káwọ́ lérí. Bẹ́ẹ̀ ni Waliyat ti ilé ìwé dé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní réṣíò, ìyẹn ìṣirò ìfiwéra. Ó fi ìka wọn fọ́tò, ó fi ìgbọ̀nwọ́ wọn ògiri.

"Bàbá, ẹ má bínú. Fífẹ̀ fọ́tò yìí, ìka mẹ́ta. Gíga rẹ̀, ìka mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ mẹ́fà ni ògiri fẹ̀, mẹ́fà náà ló ga."

"Ká wá gé ògiri ni?"

"Rárá o, sà. Ìka kan nínú fọ́tò, ìgbọ̀nwọ́ kan lára ògiri, lóòró àti níbùú. Ẹ̀yin fún òòró ní ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹ wá fún ìbú ní méjì. Ohun tó jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sá lọ nìyẹn."

"Tí mo bá ṣe bó o ṣe wí, ìdajì ògiri á ṣófo. Àlájà sì ní kó kún!"

Waliyat wolẹ̀. "Ẹ yà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì."

Fàsásì rẹ́rìn-ín títí búrọ́ọ̀ṣì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọ̀dà funfun pa ògiri rẹ́, ó fi òwú wọ̀n ọ́n bí Waliyat ṣe wí.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Àlájà dé. Àlájà méjì ló ń wò ó láti ara ògiri, eyín góòlù méjì, ẹsẹ̀ mẹ́rin pé. Awakọ̀ ọjọ́sí tún ń kọjá.

"Àlájà, ẹ kú ewu ìbejì!"

Àlájà wo ògiri títí. Fàsásì ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà.

"Fàsásì, èwo ni èmi níbẹ̀?"

"Èyí tó bá wù yín ni, Àlájà. Èkejì á máa bá yín ṣọ́ ọjà."

Eyín góòlù kẹta yọ. "Jókòó, jàre," ni Àlájà wí.

Ọdún gorí ọdún. Waliyat di olùkọ́ ìṣirò ní Òkè-Àdó. Ìgbàkúùgbà tó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní réṣíò, ìbéèrè àtijọ́ á tún yọjú. Lọ́jọ́ kan, ó lọ kí Fàsásì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kan náà. Ó kúnlẹ̀, ó tún bi í nípa orí ńlá àti ẹsẹ̀ kúkúrú.

Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Láti orí ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi. Kí n tó dé ẹsẹ̀, pátákó á ti tán."