Ọjọ́ Tí Àlàájì Kúnlẹ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Omi ló kọ́kọ́ kàn mí kí ọkọ̀ tó kàn mí. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan ní Ruwáìsì, ní ìlú Jẹ́dà, ní àdúgbò àtijọ́ tó wà létí òkun, tí àwọn ilé ti fún mọ́ra wọn. Mò ń wo òrùlé tí mo fẹ́ gùn lọ tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ni omi tútù bá ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. Inú mi tiẹ̀ dùn. Oòrùn ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ, mo ní ta ló ṣàánú mi báyìí? Kí n tó yíjú wo ẹ̀yìn, ọkọ̀ agbómi ńlá, èyí tí àwọn ará ìlú náà ń pè ní wáyítì, ti fi ẹ̀yìn rìn wá bá mi, ó sì tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi mọ́ ògiri. Awakọ̀ náà kò rí mi. Fóònù wà létí rẹ̀, omi sì ń jò nídìí ọkọ̀ rẹ̀. Èmi tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀ ni mo figbe ta, gbogbo ojú fèrèsé sì ṣí.

Nígbà náà, àwọn obìnrin kò tíì máa wakọ̀ ní Saudi, èmi náà sì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà pé òun ti gbọ́n tán. Híndáwíyà ni mò ń gbé, ní gúúsù Jẹ́dà, nínú ilé kan tó kún fún àwa àlejò oríṣiríṣi. Kìrìsìtẹ́nì ni mí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwa díẹ̀ a máa pàdé ní pálọ̀ ẹnì kan, a ó ti fèrèsé, a ó sì máa kọrin bí ẹni tí eyín ń dùn. Àlàájì tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa mọ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Òun ni bàbá gbogbo Yorùbá tó wà ládùúgbò yẹn, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Ó ti pẹ́ ní Jẹ́dà débi pé tó bá fi Yorùbá bá àwọn ọmọ rẹ̀ wí, èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Bí tọkọtaya bá jà, òun ló ń parí rẹ̀. Bí ọ̀gá bá gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹnì kan, òun ló ń lọ bẹ ọ̀gá náà. Iṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ ni iṣẹ́ Àlàájì gan-an. Aṣọ tó ń tà, ó kàn fi ń najú ni.

Ìdí nìyí tí mùdíírì ilé iṣẹ́ tó ni wáyítì náà, ìyẹn ọ̀gá tó ń bójú tó o, fi wá a lọ. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọkùnrin náà pé àwa Yorùbá kì í lè wo ojú àgbà ká sọ pé rárá, ṣùgbọ́n ẹni náà kọ́ ọ dáadáa. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, wọ́n ti fi símẹ́ǹtì funfun di ẹsẹ̀ mi, oògùn ìrora sì ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀, ni mo rí Àlàájì tó wọlé. Mùdíírì wà lẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ náà wà lẹ́yìn mùdíírì, ọmọkùnrin Pakísítánì kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, tí ọlọ́pàá kan mú wá láti àtìmọ́lé. Ó ń sunkún, kò sì nu ojú.

Àlàájì ṣí fìlà. Kí n tó lè sọ ohunkóhun, ó ti fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

"Ọmọ mi," ó ní, "torí Ọlọ́run tó dá ọ, torí ewú orí mi yìí, fi ọ̀rọ̀ ọmọ yìí jì mí. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Háà! Àlàájì, ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde. Ó ti tán. Mo ti foríjì í."

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé mọ ohun tí mo ń wí. Bí àgbà bá kúnlẹ̀ bẹ ọmọdé, tí ọmọdé náà wá dákẹ́, tó ń wò ó nílẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò tún rántí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́. Ìwà ọmọ náà ni gbogbo ayé yóò máa sọ. "Ó ti tán" yẹn kì í parí ọ̀rọ̀. Òun ni a fi ń gbé àgbà nílẹ̀. Tó bá dìde tán, a ó fún un ní àga, yóò mu omi, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀: ta ni yóò tọ́jú aláìsàn, báwo ni yóò ṣe tọ́jú rẹ̀, kí ni ti iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mùdíírì kò dúró de àga. Ó bi Àlàájì ní Lárúbáwá pé ṣé mo ti dáríjì, Àlàájì ní bẹ́ẹ̀ ni, alihamudu lilahi. Mùdíírì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó gbé páálí dàbínù kan lé mi níkùn, ó sì kó gbogbo wọn jáde. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ojú pópó ló gbà lọ tààrà, ó ní kí Àlàájì wá jẹ́rìí pé mo ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ mi, Àlàájì sì jẹ́rìí, torí mo ti dáríjì lóòótọ́. Èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń jẹ dàbínù, mo sì ń rí ara mi bí ọmọlúàbí pọ́ńbélé.

Dókítà ló jí mi lójú oorun yẹn. Ó ní egungun náà kò tò dáadáa, àfi kí wọ́n tún un ṣẹ́, kí wọ́n fi irin sí i. Bí wọn kò bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà, màá rìn, ṣùgbọ́n n kò ní lè gun àkàbà mọ́ láyé. Kí wá ni ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe láìgun àkàbà? Ibi iṣẹ́ mi ní àwọn kọ́ ló tẹ̀ mí. Mo ní kí wọ́n pe mùdíírì sórí fóònù. Ó kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó bèèrè ará ilé, ó bèèrè bóyá dàbínù náà dùn, ó wá ní ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ti parí, mo ti dáríjì, Ọlọ́run yóò san án fún mi. Ọlọ́run ni ó ní kó ṣe iṣẹ́ abẹ.

Mo gba ọ̀dọ̀ lọ́yà kan lọ. Ọ́fíìsì rẹ̀ ń ta sánsán, ó gbé kọfí fún mi nínú ife tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ó sì ń kọ gbogbo ohun tí mo ń sọ sílẹ̀ títí mo fi dé ibi tí Àlàájì ti kúnlẹ̀.

"O dáríjì?" ó bi mí.

"Mo dáríjì, sà, ṣùgbọ́n..."

"Lójú ẹlẹ́rìí?"

"Bàbá wa ni, sà."

Ó dé bíírò rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ká ní Yorùbá ni gbogbo ẹni tó ń pe àwọn oníbàárà òun lẹ́jọ́ ni, òun ì bá ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Bí mo ṣe fi ọ̀pá méjì tiro jáde níbẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Àlàájì gbọ́ ohun tí ẹ̀bẹ̀ òun dá sílẹ̀, kò jẹun lọ́jọ́ náà. Òun ló rántí ọmọkùnrin tí àbúrò rẹ̀ obìnrin bí, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin Ìsìláàmù ní yunifásítì ní Mẹ́kà, tó ń gbé ní Nákásà, lórí òkè tí ilé ti ń gun orí ilé. Ìdánwò ti sún mọ́, ọmọ náà kò lè wá sí Jẹ́dà. Èmi náà kò sì lè lọ bá a, torí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ wọ Mẹ́kà. Àlàájì ní kí n kàn wọ jalàbíà òun, kí n dákẹ́ nínú ọkọ̀. Mo ní rárá o, ẹjọ́ kan ti tó mi. Níkẹyìn, ilé epo tó kẹ́yìn ṣáájú oríta tí wọ́n ti ń ya àwa tí kì í ṣe Mùsùlùmí sọ́tọ̀ ni a ti pàdé. Mo retí ọkùnrin kan tó kún ojú. Ọmọ tín-ín-rín kan ló sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó kó ìwé ńláńlá sínú ọ̀rá, ó sì ti ń sọ Lárúbáwá inú ìwé fún ẹni tó ń ta epo, ìyẹn sì ń wò ó bí ẹni tó rí òkú tó jí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ jẹ dàbínù tí wọ́n kó wá?"

"Mo jẹ ẹ́."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ó dùn."

Ó fi ọwọ́ gbá orí. Ó jókòó sórí ike epo, ó ṣí ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn, ó jẹ ẹ̀bà tí mo gbé wá láti Jẹ́dà, ó sì ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: ká jẹ́ kí adájọ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí láàárín àwa tí a sọ ọ́, torí òfin a máa wo àṣà àwọn ènìyàn. Òun yóò wá dúró gẹ́gẹ́ bí aṣojú mi tí ìdánwò bá parí. "Ṣùgbọ́n o, Ẹ̀gbọ́n, ẹnu yín ló kó yín sínú èyí. Tí a bá dé kóòtù, ẹ bá mi pa á dé."

Mo pa á dé. Ní kóòtù ní Jẹ́dà, adájọ́ náà jẹ́ bàbá arúgbó tó fi ọwọ́ lẹ́rán, tó sì jọ pé ó ti gbọ́ irọ́ ayé yìí tó. Mùdíírì ní ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo, ẹlẹ́rìí náà sì ni Àlàájì wa. Àlàájì ti sọ fún wa nílé pé òun kò ní purọ́, òun ti lọ sí Hájì, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó purọ́. Aṣojú mi ti wọ aṣọ funfun gbòò, ó ti wé láwàní, ó ti la ẹnu, èdè rẹ̀ sì ń dún bíi ti ìmáàmù. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí, Àlàájì wọlé. Mi ò rò pé ọmọ náà ronú rárá. Ó dojú bolẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Àlàájì."

Adájọ́ fò dìde. "Dìde! Dìde nílẹ̀! Ta lo ń forí balẹ̀ fún?" Mùdíírì ń pe Ọlọ́run lákọlákọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé ẹsẹ̀. Mo ní ó tán, wọn yóò ti ọmọ yìí mọ́lé nítorí ìdọ̀bálẹ̀, wọn yóò sì ti èmi tí mo mú un wá mọ́ ọn.

Ọmọ náà dìde, ó ní ìkíni ni, kì í ṣe ìjọsìn. Adájọ́ kọjú sí Àlàájì, ó bi í pé kí ló jẹ́ sí ọmọ yìí.

"Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni mí."

"Ojoojúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Tó bá ní ẹ̀kọ́," ni Àlàájì wí.

Ojú adájọ́ rọ̀ díẹ̀. Aṣojú mi rí àyè yẹn, kò jẹ́ kó bọ́. Ó ní ohun tí òun wá ṣàlàyé gan-an nìyí. Bí ọmọdé bá ń ṣe báyìí fún àgbà níbi tí àwọn ti wá, kí wá ni ọjọ́ tí àgbà bá ṣe é fún ọmọdé? Kí ni aláìsàn yìí lè sọ ju pé ó ti tán lọ? Adájọ́ ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó wá bi Àlàájì fúnra rẹ̀ pé nígbà tí mo sọ pé ó ti tán, kí ló lóye.

Àlàájì ronú. Ó wo mùdíírì, ó wo èmi.

"Mo lóye pé mo lè dìde," ó ní. "Orúnkún ń dùn mí."

"Kò sí ohun mìíràn?"

"Ohun mìíràn ṣì kù. A kò jókòó. Ọkùnrin yìí ló ń fà mí láṣọ pé ká máa lọ."

Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni wọ́n dá ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ibi tó máa yọrí sí, torí adájọ́ fi ìka nu ojú, kì í sì í ṣe omijé ẹkún ló ń nù, omijé ẹ̀rín ni. Ìdájọ́ rẹ̀ ni pé ìdáríjì tí mo ṣe fún awakọ̀ dúró, kò ní padà sí àtìmọ́lé. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ kò sí lára àwọn tó kúnlẹ̀, ọrùn wọn sì ni iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ mi wà. A jáde, awakọ̀ náà sáré bá wa lẹ́nu ọ̀nà, Àlàájì sì ha ọ̀fun bí ẹni tó fẹ́ bá a bẹ̀bẹ̀. Èmi àti aṣojú mi pariwo pọ̀: "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́!"

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, mo sì gun àkàbà títí mo fi kó ẹrù mi padà sílé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà báyìí. Ẹsẹ̀ náà a máa ro mí nígbà ọyẹ́, ìyẹn kò burú. Bí mo bá sọ ìtàn yìí, àwọn ènìyàn a máa rẹ́rìn-ín, èmi náà a sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí mo bá dá wà, ohun tí mo máa ń rò yàtọ̀. Lọ́jọ́ kóòtù yẹn, gbogbo wọn ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu mi: mùdíírì túmọ̀ rẹ̀, ọmọ Mẹ́kà túmọ̀ rẹ̀, Àlàájì túmọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa wa. Àmọ́ nípa tèmi, nígbà tí mo rí ọmọkùnrin yẹn tó ń sunkún ní wọ́ọ̀dù, àánú rẹ̀ ṣe mí dénú, mo sì ti foríjì í kí orúnkún Àlàájì tó kanlẹ̀ rárá. Mo yọ̀ǹda gbogbo rẹ̀, n kò retí ìjókòó, n kò retí ìtọ́jú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ká ní adájọ́ bi mí léèrè ohun tó wà lọ́kàn mi, ohun tí ǹ bá sọ nìyẹn, n kò sì mọ irú ẹsẹ̀ tí ǹ bá máa fi rìn lónìí. Kò bi mí.